Kí Ẹ Tó Náwó: Ètò Kọ̀ǹpútà Géèmù Àkọ́kọ́ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Owó Rẹ̀ Kò Pọ̀

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fonẹ́tíìkì ni mo gbé wá lónìí. Ọ̀rọ̀ owó ni.

Nígbà tí mo wà ní ọdún kẹta, mo kó owó tí mo fi oṣù mẹ́rìnlá tọ́jú lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà. Iṣẹ́ tí mo ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ ni mo ti rí púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìyá mi fi díẹ̀ kún un, nítorí mo ṣèlérí fún un pé ẹ̀rọ tí mo bá fi ń gbá géèmù náà ni n óò fi ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi. Mo ra processor kan tí ń jẹ́ Core i3-12100F àti motherboard rẹ̀. Mo to ohun gbogbo pọ̀ nínú yàrá, mo tan án. Fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ojú mọ́nítọ̀ dúdú kirikiri. Mo tú u, mo tún un tò, kò yí padà.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀ka Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà ló là mí lójú. F tó gbẹ̀yìn orúkọ yẹn túmọ̀ sí pé processor náà kò lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀. Àfi kí n ra graphics card kún un, owó sì ti tán lọ́wọ́ mi. Ẹni tó tà á fún mi kò gbà á padà. Ìdá méjì nínú ìdá mẹ́ta owó tí mo fi rà wọ́n ni mo padà rí gbà nígbà tí mo tà wọ́n.

Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì pé èdè Yorùbá kò ní àfòmọ́ ìparí. Bóyá ìdí nìyẹn tí ojú mi kò fi dé ẹ̀yìn orúkọ náà! Ṣùgbọ́n àwa tí a mọ̀ pé àmì ohùn nìkan ló ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀, kò yẹ kí lẹ́tà kan ṣoṣo kó wa lówó lọ. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé orí ìwé ni a ti ń kọ́kọ́ to kọ̀ǹpútà, kí a tó gbé owó lọ sọ́jà. Ìgbésẹ̀ márùn-ún tí mo tẹ̀ lé ní ìgbà kejì nìyí.

1. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú mọ́nítọ̀

Ẹ kọ géèmù mẹ́ta tí ẹ fẹ́ gbá sílẹ̀, kí ẹ sì kọ irú mọ́nítọ̀ tí ẹ ní. Mọ́nítọ̀ 1920 × 1080 ní píksẹ́lì 2,073,600. Ti 4K, tó jẹ́ 3840 × 2160, jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹ̀rọ yín gbọ́dọ̀ kun gbogbo píksẹ́lì yìí lọ́pọ̀ ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí mọ́nítọ̀ yín bá jẹ́ 60 Hz, kò lè fi ju àwòrán 60 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá ra card tó lè gbé 140 jáde fún irú mọ́nítọ̀ bẹ́ẹ̀ ti náwó sí ohun tí ojú rẹ̀ kò ní rí. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

2. Ẹ ka orúkọ dé ìparí

Lára processor Intel, F túmọ̀ sí pé kò sí ẹ̀yà tí ń gbé àwòrán jáde nínú rẹ̀. K túmọ̀ sí pé a lè mú un sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Nínú ìdílé Ryzen 5000 ti AMD, 5600 àti 5600X kò ní ẹ̀yà àwòrán nínú, ṣùgbọ́n 5600G ní in. Èyí ni mo yàn ní ìgbà kejì: ó ní core 6 àti thread 12, mo sì lè lò ó láìra graphics card títí owó yóò fi dé.

3. Ẹ wò ó bóyá wọ́n bára mu

Ryzen 5 5600G ń lo ihò AM4. I3-12100F ń lo LGA1700. Ọ̀kan kò lè wọ ilé èkejì. RAM DDR4 kò lè wọ ihò DDR5, nítorí ibi tí wọ́n gé lára wọn yàtọ̀. Motherboard B450 tó ti pẹ́ lórí àtẹ lè máà dá Ryzen 5000 mọ̀ títí wọn yóò fi sọ BIOS rẹ̀ dọ̀tun, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fiyè sí. Ẹ̀yà àwòrán tó wà nínú 5600G kò ní ìrántí tirẹ̀. Ara RAM ló ti ń yá a. Ẹ ra 8 GB méjì dípò 16 GB ẹyọ kan, kí ọ̀nà méjì lè ṣí fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Géèmù yóò yá sí i dáadáa.

4. Ẹ ṣírò iná

Iná ni wàhálà wa ní ilẹ̀ yìí, kọ̀ǹpútà kò sì yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n kọ 65 W sí 5600G. Graphics card RX 6600, tí mo fẹ́ rà lọ́jọ́ iwájú, jẹ́ 132 W. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 197 W. Mo fi 60 W kún un fún motherboard, fáànù àti SSD, ó di 257 W. Power supply 550 W yóò gbé e láìṣe wàhálà. Ẹ rántí pé 550 W yẹn kì í ṣe iye iná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ. Ibi tí agbára rẹ̀ lè dé ni.

Ẹ má ṣe fi power supply ṣe ibi tí ẹ óò ti ṣọ́wó ná. Bí èyí tí kò dára bá jó, ó lè mú motherboard àti processor lọ pẹ̀lú ara rẹ̀. Ẹ wá èyí tó ní àmì 80 Plus, kí ẹ sì wo irú orúkọ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní. Bí agbára bá wà, ẹ ra UPS kékeré: kì í ṣe pé kí ẹ máa fi gbá géèmù lọ, bí kò ṣe pé kí ẹ lè tọ́jú iṣẹ́ yín kí ẹ sì pa ẹ̀rọ bí iná bá lọ lójijì.

5. Ẹ pín owó kí ẹ tó jáde nílé

Ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní mọ́nítọ̀, mo sì ti ní kíbọ́ọ̀dù. Bí mo ṣe pín náírà 100 kọ̀ọ̀kan nínú owó mi nìyí: processor 28, motherboard 20, power supply 15, RAM 12, SSD 10, àpótí rẹ̀ 7. Èyí tó kù, 8, ni owó ìpamọ́ fún ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Lóòótọ́, kò pẹ́ tí mo fi rí i pé mo nílò wáyà HDMI.

Àwọn kan yóò béèrè pé, “Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tokunbo ńkọ́?” Ọ̀nà tó dára ni, owó rẹ̀ sì máa ń rọjú. Ṣùgbọ́n ẹ yẹ nǹkan mẹ́ta wò. Èkíní, àpótí púpọ̀ nínú wọn tẹ́ẹ́rẹ́, card kúkúrú nìkan ló lè wọ̀ ọ́. Èkejì, power supply wọn sábà máa ń kéré, ìrísí rẹ̀ sì lè máà bá ti ọjà mu, nítorí náà card tí kò nílò wáyà iná tirẹ̀, bí àwọn GTX 1050 Ti kan, ló yẹ wọ́n. Ẹ̀kẹta, Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2025, Windows 11 kò sì gba púpọ̀ jù lọ nínú àwọn processor Intel tó ti pẹ́ ju ìran kẹjọ lọ.

Ẹ̀rọ mi wà lórí tábìlì báyìí. Kò tíì ní graphics card, mo sì ń dín ẹwà àwòrán kù kí bọ́ọ̀lù inú géèmù tó lè sáré geere. Ṣùgbọ́n lórí rẹ̀ ni mo ti ń fi Praat wọn ohùn àwọn tí mo gbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi, orí kẹta sì ti parí. Ìyá mi béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá géèmù ni àbí iṣẹ́. Mo ní, “Méjèèjì ni, mà.” Wọ́n ní àwọn ń retí ìwé ẹ̀rí.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó mú bébà kan lálẹ́ òní, kó kọ orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sí i ní kíkún, títí dórí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn. Kó fi han ẹnì kan tó ti ṣe é rí. Lẹ́yìn náà ni kó tó wọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà.