Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ọkọ̀ Ogun Inú Páálí

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó bá pàdé

àwòṣe: ohun kékeré tí a ṣe kí ó jọ ohun ńlá
ìwọ̀n: bí ohun kan ti gùn tó, bí ó ti fẹ̀ tó, bí ó ti ga tó
mìlímítà: 10 rẹ̀ ni sẹ̀ǹtímítà 1, sẹ̀ǹtímítà 100 ni mítà 1
amí: ẹni tí a rán lọ wo ibi tí ọ̀tá wà, kí ó padà wá ròyìn

1. Àga ṣẹ́kù

 

Ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ wa ní Àgbàdo, bàbá kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pánẹ́ẹ̀lì bítà. Bí ọkọ̀ bá tẹ̀, òun ni yóò lù ú títí yóò fi nà. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ọwọ́ rẹ̀ mọ ara ọkọ̀ bí ìyá ti mọ ara ọmọ.

Ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi páálí kan ránṣẹ́ sí i. Wọ́n ya àwòrán ọkọ̀ ogun sí ara páálí náà. Nígbà tí bàbá ṣí i, kò rí ọkọ̀ kankan níbẹ̀. Ike wẹ́wẹ́ ni ó rí, tí wọ́n so mọ́ igi ike bí èso ti ń so mọ́ ẹ̀ka. Nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìwé kan tún wà níbẹ̀, tí ó kún fún àwòrán àti nọ́ńbà.

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọkọ̀ gidi ni mo ti ń tún ṣe láti ọjọ́ yìí. Ṣé èyí tí kò tó ọwọ́ mi ní gígùn ni yóò wá dà mí láàmú?"

Ó ju ìwé sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fi bíléèdì gé gbogbo ike náà kúrò lára igi wọn. Ó lẹ òkè ọkọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní bí ara ọkọ̀ bá ti dúró, òun yóò gba ẹnu ilẹ̀kùn kó àga wọlé, gẹ́gẹ́ bí òun ti ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ kékeré náà kò gba ìka ènìyàn, ká má tilẹ̀ sọ ti àga. Gọ́ọ̀mù tí a fi ń lẹ irú ike yìí kì í sì í ṣe gọ́ọ̀mù ìwé. Ṣe ni ó ń yọ́ ojú ike méjèèjì tí wọ́n fi ń di ọ̀kan, bí ìgbà tí wẹ́dà bá jó irin méjì pọ̀. Bí ó bá ti gbẹ, kò ṣeé tú mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá gbé ọkọ̀ náà wá sí kíláàsì. Ó gbé àga awakọ̀ lé àtẹ́lẹwọ́. Kò tóbi ju èèkánná àtàǹpàkò lọ. Ó ní, "Tíṣà, àga ṣẹ́kù."

Mo bi í pé, "Bàbá, ìwé ibẹ̀ ńkọ́?" Ó yọ ọ́ nínú àpò. A tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Àga wà ní àwòrán kẹta. Òkè ọkọ̀ kò dé àfi ní àwòrán kẹsàn-án. Bàbá wo ìwé náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìwé ti wí. Èmi ni mi ò gbọ́."

2. Bí a ti ń ka ìwé inú páálí

Ìwé inú páálí kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí a bá rí A12 nínú rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí a wá igi ike tí a kọ A sí, kí a sì mú ẹyọ kejìlá níbẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sì gbọ́ èdè Jàpáànù, lè kọ́ ọkọ̀ náà parí bí ó bá ṣáà ti mọ lẹ́tà àti nọ́ńbà. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ wọ́n báyìí.

Ètò rẹ̀ nìyí:

Èkíní, ẹ wo gbogbo ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ẹ tó fọwọ́ kan bíléèdì.

Èkejì, ẹ má gé ẹyọ kankan àfi èyí tí ó kàn. Ara igi ni nọ́ńbà wà, kò sí lára ẹyọ. Bí ẹ bá gé gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ti sọ orúkọ wọn nù.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi sáńpépà ra ojú ibi tí ẹ ti gé e, kí ó dán.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ́kọ́ gbé ẹyọ méjèèjì síra láìfi gọ́ọ̀mù sí i. Bí wọ́n bá bára mu, kí ẹ tó lẹ̀ wọ́n.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ kun inú ọkọ̀ ní ọ̀dà kí ẹ tó dé òkè rẹ̀. Lẹ́yìn tí a bá ti dé e, búrọ́ọ̀ṣì kò lè dé ibẹ̀ mọ́.

Ẹ̀kẹfà, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀. Òórùn gọ́ọ̀mù yìí kò dára fún ara, ó sì tètè ń gbaná. Ẹ gbé e jìnnà sí ọmọdé àti sí iná.

3. Irú ọkọ̀ wo ni?

A kọ Sd.Kfz. 222 sí ara páálí bàbá. Èdè Jámánì ni wọ́n gé kúrú báyẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ọkọ̀ fún iṣẹ́ àkànṣe, nọ́ńbà 222." Ọkọ̀ ogun onírin ni, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Ènìyàn mẹ́ta ni ń gbé inú rẹ̀. Ìbọn ńlá kan wà lórí rẹ̀.

Iṣẹ́ amí ni iṣẹ́ rẹ̀. Òun ni ó ń ṣáájú àwọn ọmọ ogun yòókù. Yóò sáré lọ wo ibi tí ọ̀tá wà, yóò sì sáré padà wá sọ. Jámánì lò ó nígbà tí wọ́n kọlu Pólándì ní 1939. Wọ́n lò ó ní Faransé ní 1940. Ní 1941, wọ́n gbé e dé ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí, ní aṣálẹ̀ Líbíà.

Wọn kò fi irin bo orí ibi tí ìbọn wà, kí àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lè ríran yíká. Nẹ́ẹ̀tì wáyà ni wọ́n fi dé e, kí bọ́ǹbù tí a bá fi ọwọ́ jù má baà já sí wọn lórí. Nínú àwòṣe tí ó dára, ẹ ó rí nẹ́ẹ̀tì náà tí a fi idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe.

Ọ̀dà ọkọ̀ náà pàápàá ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, àwọ̀ eérú dúdú ni Jámánì ń kùn ún. Ní oṣù kejì 1943, wọ́n pàṣẹ pé kí a máa kun ọkọ̀ ogun ní àwọ̀ ìyeyè ṣíṣú. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ṣe ọkọ̀ tí ó wọ Pólándì ní 1939, tí ó wá kùn ún ní ìyeyè ti 1943, ó ti purọ́. Kò fi ẹnu sọ ọ́, ọ̀dà ni ó fi sọ ọ́.

4. Kí ni ìdá 35?

A tún rí 1/35 lára páálí náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé wọ́n pín gbogbo ìwọ̀n ọkọ̀ gidi sí ọ̀nà 35, wọ́n sì mú ọ̀kan.

Báwo ni ó ṣe jẹ́ 35? Ilé iṣẹ́ kan wà ní Shizuoka ní Jàpáànù tí ń jẹ́ Tamiya. Ní 1946 ni wọ́n dá a sílẹ̀, iṣẹ́ pákó ni ó sì kọ́kọ́ ń ṣe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó ṣe àwòṣe ọkọ̀ ogun Jámánì tí ń jẹ́ Panther. Wọ́n fẹ́ kí ó lè rìn fúnra rẹ̀, nítorí náà inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba bátìrì àti ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n wọn ohun tí ó gba bátìrì, ó já sí ìdá 35. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì ń tẹ̀ lé e títí di òní.

Ẹ jẹ́ ká fi ohun tí a mọ̀ dán an wò. Ojú irin méjì ni ó wà ní Àgbàdo wa. Èyí àtijọ́ ni ọ̀nà irin tí ó so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn láti 1901. Èyí tuntun ni wọ́n ṣí ní 2021. Lórí ti tuntun, àlàfo tí ó wà láàárín irin méjèèjì jẹ́ mìlímítà 1,435. Ẹ pín in sí 35. Ó jẹ́ mìlímítà 41 gééré. Lórí ti àtijọ́, àlàfo náà jẹ́ mìlímítà 1,067. Ẹ pín òun náà sí 35. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlímítà 30 àti ààbọ̀. Bí ẹnì kan bá ṣe àwòṣe méjèèjì, tí ó jẹ́ kí wọ́n fẹ̀ bákan náà, ará Àgbàdo yóò mọ̀ pé kò wọ̀n wọ́n.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ọkọ̀ bàbá:

Gígùn: mítà 4.80 ní gidi, sẹ̀ǹtímítà 13.7 ní àwòṣe
Fífẹ̀: mítà 1.95 ní gidi, sẹ̀ǹtímítà 5.6 ní àwòṣe
Gíga: mítà 2.00 ní gidi, sẹ̀ǹtímítà 5.7 ní àwòṣe

5. Ère àti àwòṣe

Ẹnì kan lè sọ pé, "Àwa Yorùbá náà ń gbẹ́ ère." Òótọ́ ni. Ní àwọn ọdún 1930, ọ̀gbẹ́ni Justus Akeredolu ti ìlú Ọ̀wọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀gún igi gbẹ́ àwọn ènìyàn kéékèèké lẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Ẹ̀gún igi lásán ni, ó sì fi í di ẹni tí a mọ̀ káàkiri.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ère ìbejì. Orí rẹ̀ tóbi ju bí orí ènìyàn ti rí lọ. Agbẹ́gilére kò ṣàṣìṣe. Orí ni olórí ara, nítorí náà ni ó ṣe fún un ní àyè púpọ̀. Ère ń sọ ohun tí ó ṣe pàtàkì. Àwòṣe ń sọ bí nǹkan ti rí gan-an. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ó ń ṣe ìdájọ́ gbogbo ara rẹ̀. A kò lè fi 35 pín ẹsẹ̀ ọkọ̀, kí a tún fi 20 pín ìbọn rẹ̀ kí ó lè dẹ́rù ba ènìyàn.

6. Ìbéèrè ìyá

Bàbá kò ju ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ náà nù. Ṣùgbọ́n ó ní òun yóò fi irin ṣe òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù òun, bí àwa náà ti ń fi agolo mílíìkì ṣe ọkọ̀ ní kékeré, tí a ń fi àtẹ́lẹ̀ sílípáàsì ṣe táyà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní òun yóò wọ̀n ọ́n. Ó mú ìdá 10, nítorí ó rọrùn láti ṣírò. Mítà 4.80 di sẹ̀ǹtímítà 48. Mítà 1.95 di 19.5. Mítà 2.00 di 20. Ó kọ wọ́n sí ara páálí, ó sì to iṣẹ́ náà láti 1 dé 14, kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lè máa kà á. "Kó àga wọlé" ni ó kọ sí nọ́ńbà 4. Ó fa ìlà méjì sí i nídìí.

Nígbà tí ó gbé e wá, inú gbogbo wa dùn, àfi ìyá kan tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Bàbá rẹ̀ lọ sí ogun Bọ́má. Ó padà wálé, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun nípa rẹ̀ títí ó fi kú. Ìyá ní, "Tíṣà, ẹ má bínú. Ṣé ohun tí wọ́n fi pa ọmọ ọlọ́mọ ni a ó máa fi ṣe ọ̀ṣọ́ sórí tábìlì?"

Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Ìbéèrè gidi ni ìyá béèrè.

Mo ní, "Ìyá, ẹ ṣeun. Jàpáànù ni àwọn bàbá wa bá jà ní Bọ́má, kì í ṣe Jámánì, ṣùgbọ́n ogun kan náà ni. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú ẹgbẹ́ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n rán lọ síbẹ̀. Ìjọba Hitler tí ó ni ọkọ̀ yìí sì pa àwọn Júù bíi mílíọ̀nù mẹ́fà. Bí a bá gbé ọkọ̀ náà kalẹ̀ láìsọ èyí, ọ̀ṣọ́ ni a fi ṣe lóòótọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sí i lára."

Bàbá mú páálí pélébé kan àti bírò. Ó pẹ́ kí ó tó kọ ọ́ tán. Ohun tí ó kọ nìyí:

ỌKỌ̀ AMÍ TI ÀWỌN JÁMÁNÌ, SD.KFZ. 222. WỌ́N LÒ Ó NÍ OGUN 1939 SÍ 1945. Ó Ń ṢÍ Ọ̀NÀ FÚN ÀWỌN TÍ Ó Ń KÓ ÌLÚ ONÍLÙÚ. A KÒ FI YANGÀN. A ṢE É KÍ A MÁ BAÀ GBÀGBÉ.

Ìyá gba páálí náà. Ó fi ìka tẹ̀ lé e, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì, títí ó fi kà á dé òpin. Ẹnikẹ́ni kò ràn án lọ́wọ́. Ó wá gba bírò lọ́wọ́ bàbá, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà kan sí i: "Bàbá mi lọ sí ogun náà."

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí àga fi ṣẹ́kù sí bàbá lọ́wọ́?
2. Kí ló dé tí kò fi dára láti gé gbogbo ẹyọ lẹ́ẹ̀kan náà?
3. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ère àti àwòṣe?
4. Ká ní ẹ̀yin ni tíṣà, kí ni ẹ̀ bá sọ fún ìyá?

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ fi tépù wọn tábìlì tàbí àga kan nínú ilé yín: gígùn rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ àti gíga rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Ẹ pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí 10. Ẹ fi páálí ṣe àwòṣe rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìlà mẹ́ta sí i lára: ohun tí ó jẹ́, ẹni tí ó ni ín, àti ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Ẹ gbé e wá sí kíláàsì.