Ẹ wo query tó rọ̀ mọ́ àtẹ kí ẹ tó pa á rẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ yọ òpó kan nínú ilé ní láti kọ́kọ́ wòkè, kó mọ̀ bóyá orí rẹ̀ ni àjà dúró lé. Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí fún oníṣòwò tó ń fi Microsoft Access tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjà, gbèsè àti orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà.

Inú àtẹ, tí wọ́n ń pè ní table, ni àkọsílẹ̀ wà. Query ni ìbéèrè tí èèyàn kọ lẹ́ẹ̀kan, tó sì fi pamọ́ kó lè máa rí ìdáhùn nígbàkígbà: ta ló jẹ gbèsè, ọjà wo ló ń tán lọ? Query kì í tọ́jú àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀, inú àtẹ ló ti ń lọ mú un wá. Bí ẹ bá pa àtẹ kan rẹ́ nítorí pé ẹ rò pé kò wúlò mọ́, query tó ń ṣàkójọ gbèsè lè dákẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gba owó yín lẹ ó tó mọ̀.

Àtìgbà Access 2003 ni irinṣẹ́ kan ti wà fún èyí. Lórí àwọn tó jáde láti 2007, ẹ tẹ àtẹ náà, ẹ lọ sí Database Tools, kí ẹ tẹ Object Dependencies. "Objects that depend on me" yóò to àwọn query, fọ́ọ̀mù àti report tó gbára lé àtẹ yẹn. Bó bá jẹ́ query lẹ fẹ́ yẹ̀ wò, "Objects that I depend on" ni yóò sọ ibi tó ti ń mú nǹkan. Bó bá sì jẹ́ inú query mìíràn ló ti ń mú un, ẹ máa tọ̀ ọ́ lọ títí ẹ ó fi kan àtẹ. "Track name AutoCorrect info", tó wà lábẹ́ Options, gbọ́dọ̀ wà ní títàn kí irinṣẹ́ náà tó ṣiṣẹ́.

Àmọ́ o, irinṣẹ́ yìí kì í wo inú macro, module àti union query. Fún union query, ẹ ṣí SQL View, kí ẹ wo orúkọ tó tẹ̀lé FROM àti JOIN.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà. Orí ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ ti pa àtẹ rẹ́, kí ẹ sì ṣí gbogbo report yín wò. Bí ohunkóhun bá bàjẹ́ níbẹ̀, ojúlówó ṣì wà lọ́wọ́ yín.