Géèjì Ìgbóná Ọ́ìlì Lára Ẹ́ńjìnnì Gààrí

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Òṣogbo, Iléṣà àti gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí ẹ́ńjìnnì tó ń bá wa lọ ẹ̀gẹ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí a ti wú kò ní sùúrù. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lọ́jọ́ tí a ti bó ẹ̀gẹ́ kalẹ̀, owó mẹkáníìkì nìkan kọ́ ni a ó san. Ẹ̀gẹ́ náà á ṣòfò, owó ọjà á sì lọ.

Ooru wà lára ohun tó ń tètè pa ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì ló máa ń wà láàárín irin àti irin bí awọ fẹ́lẹ́, kí wọ́n má baà máa ha ara wọn. Bí ọ́ìlì bá gbóná jù, á ṣàn bí omi, awọ yẹn á já, bẹ́ríìnì á jẹ, kiráńkì á ha, ẹ́ńjìnnì á sì nọ́ọ̀kì. Géèjì ìgbóná ọ́ìlì ni yóò kìlọ̀ fún yín kí ó tó dà bẹ́ẹ̀.

ṢÉ ỌWỌ́ KÒ TÓ NI?

Ọ̀pọ̀ wa máa ń fọwọ́ kan ara ẹ́ńjìnnì láti mọ bó ṣe gbóná tó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn kò lè dúró lórí irin tó bá ti kọjá nǹkan bíi dígírì 60 (60 °C). Ọ́ìlì tó wà ní 80 °C, tí kò sí ewu kankan níbẹ̀, á jó yín lọ́wọ́. Èyí tó wà ní 130 °C, tó ti ń bàjẹ́, á jó yín lọ́wọ́ bákan náà. Ọwọ́ kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn.

Omi tó wà nínú dúróòmù máa ń hó tó bá ti tó nǹkan bíi 100 °C, ojú yín á sì rí i. Ọ́ìlì lè kọjá ibẹ̀ dáadáa láìhó, láìpariwo. Nígbà tí etí bá fi máa gbọ́ "kọ̀, kọ̀, kọ̀", ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Àwọn tó ń wa ọkọ̀ ojú omi alágbára máa ń gbé géèjì yìí síwájú ara wọn, nítorí pé abẹ́ pákó ni ẹ́ńjìnnì wọn wà. Tiwa wà ní gbangba lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú kò rí ọ́ìlì inú rẹ̀.

IRÚ ÈYÍ TÍ Ẹ Ó RÀ

Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ń lo wáyà àti bátìrì. Ìkejì ní páìpù bàbà tín-ín-rín. Orí rẹ̀ á wọ inú ọ́ìlì, ooru á mú ohun tó wà nínú rẹ̀ wú, ìyẹn á sì ti ọwọ́ géèjì sókè.

Ẹ́ńjìnnì Lister tí a ń fọwọ́ yí kò ní bátìrì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1930, àwọn ará Rajkot ní Íńdíà sì ti ń ṣe àfarawé rẹ̀ tipẹ́. Fún irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, oní-páìpù ni kí ẹ rà.

BÍ A ṢE Ń FI Í SÍ I

1. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò. Ẹ ti orí rẹ̀ bọ omi tó ń hó. Ní agbègbè wa níbí, ó yẹ kó tọ́ka sí 98 sí 100. Bó bá tọ́ka sí 80 tàbí 115, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

2. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tó da ọ́ìlì rẹ̀ sínú abọ́.

3. Ẹ mú bóòtì tí a fi ń dé ojú ihò tí a ń da ọ́ìlì gbà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin. Kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ tí yóò gba orí géèjì. Bí tẹ́rẹ́ẹ̀dì wọn kò bá bára mu, ẹ má fipá wé e.

4. Orí géèjì gbọ́dọ̀ rì sínú ọ́ìlì, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gùn débi tí kiráńkì yóò gbá a. Ẹ fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀ ní ìgbà mélòó kan kí ẹ tó sá a. Bí ohunkóhun bá kan ara wọn, ẹ tú u.

5. Ẹ lo wáṣà bàbà tuntun, kí ọ́ìlì má baà máa jò.

6. Ẹ má gé páìpù náà, ẹ má sì ká a kọ́rọ́. Bó bá gùn jù, ẹ ká èyí tó kù bí òrùka tó fẹ̀ tó àwo oúnjẹ. Kó jìnnà sí sàléńsà àti bẹ́líìtì.

7. Ara ògiri tàbí òpó ni kí ẹ kan ojú géèjì mọ́, kì í ṣe ara ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ̀n.

8. Ẹ da ọ́ìlì tuntun dé ojú àmì. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 láìlọ nǹkan kan, kí ẹ wò ó bóyá ó ń jò.

BÍ A ṢE Ń KÀ Á

Ní ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, 80 sí 110 °C dára. Bó bá dé 120, ẹ dín iṣẹ́ kù. Bó bá dé 130, ẹ má lọ ẹ̀gẹ́ mọ́ títí ẹ ó fi rí ìdí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Lister tó ń rọra yí, bí ìgbà 650 ní ìṣẹ́jú kan, lè má dé 80 rárá. Nítorí náà, ẹ kọ ohun tí géèjì bá sọ sílẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn iṣẹ́ wákàtí kan. Iye yẹn ni ìwọ̀n ti ẹ́ńjìnnì yín. Lọ́jọ́ tó bá fi 15 kọjá rẹ̀ lórí iṣẹ́ kan náà, nǹkan ti ń ṣẹlẹ̀.

BÍ Ó BÁ GBÓNÁ JÙ

Ẹ dá ẹ̀gẹ́ dúró, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sáré lófìfo fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tó pa á. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti tán tàbí tó ń nọ́ọ̀kì, ẹ pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má da omi tútù sí i lára o! Irin gbígbóná á sán. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ ìwọ̀nyí wò:

– Ṣé omi dúróòmù bo ẹnu páìpù òkè? Bí kò bá bò ó, omi kò lè yípo.
– Páìpù òkè ló yẹ kó gbóná ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tí páìpù òkè sì tutù, ìpẹtà tàbí ìdọ̀tí ti dí ọ̀nà omi.
– Ṣé ọ́ìlì pé? Ṣé kò tíì gbó jù? Ẹ tẹ̀lé ìwé ẹ́ńjìnnì yín. Fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré, wákàtí 100 ni a ń pààrọ̀ rẹ̀.
– Ṣé bẹ́líìtì kò le jù? Ṣé ẹ kò da ẹ̀gẹ́ sí i ní àpọ̀jù?

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ YÍN

1. Kí ló dé tí ọwọ́ kò lè fi 80 mọ̀ yàtọ̀ sí 130?
2. Kí ni ìwọ̀n ti ẹ́ńjìnnì ẹgbẹ́ yín? Ta ni ó ń kọ ọ́ sílẹ̀?
3. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná jù lónìí, tí ẹ̀gẹ́ sì ti wà nílẹ̀, ibo ni ẹ ó gbé e lọ?

Ẹ jọ dáhùn wọn ní ìpàdé yín tó ń bọ̀.