Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́: ṢÉ Ẹ̀PÀ NI Ó Ń MÚ WA SANRA JÙ?

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí kì í ṣe lórí owó ìpín tàbí owó èlé. Ó jẹ́ lórí ara tí a fi ń ṣiṣẹ́ kí owó tó wọlé. Ẹni tí ara rẹ̀ kò le kò lè dá owó oṣù déédéé, kò sì lè ṣe onídùúró fún ẹlòmíràn. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ka ẹ̀kọ́ yìí sétí ìpàdé, kí ẹ sì jíròrò lórí ìbéèrè tó wà ní ìparí rẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ń béèrè: “Wọ́n sọ fún mi ní ọsibítù pé ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, pé kí n dín ìwọ̀n ara mi kù. Ọ̀rá pọ̀ nínú ẹ̀pà. Ṣé kí n pa ẹ̀pà tì ni?” Ìbéèrè rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tó sábà máa ń tẹ̀ lé e. Ẹni yìí yóò pa ẹ̀pà tì lóòótọ́. Nígbà tí ìpàdé bá fẹ́ tú, tí wọ́n bá pín mínírà àti bísíkíìtì, yóò gba tirẹ̀, yóò sì mu ún tán láìfòyà, nítorí pé kò sí ọ̀rá nínú mínírà. Ó ti sá fún ohun tí kò lé e, ó sì jókòó ti ohun tó ń lé e.

KÍ NI Ó WÀ NÍNÚ Ẹ̀PÀ?

Inú ilẹ̀ ni ẹ̀pà ti ń so, ìbátan ẹ̀wà ni. Orí igi ni kájú ti ń so, orí ìtàkùn sì ni àsálà tí àwọn mìíràn ń pè ní àwùsá ti ń so. Bí wọn kò tilẹ̀ ti ibì kan náà wá, oúnjẹ inú wọn jọra.

Bí a bá wọn ẹ̀pà gíráàmù 100, ọ̀rá inú rẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 50, èròjà amáradàgbà yóò tó bíi 26. Ti kájú jẹ́ ọ̀rá 44 àti amáradàgbà 18. Kálórì ni orúkọ ohun tí a fi ń ka agbára inú oúnjẹ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi náírà ka owó. Ẹ̀pà gíráàmù 100 ní kálórì bíi 567. Owó ńlá ni! Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi rò pé bí ènìyàn bá ti ń jẹ ẹ̀pà, kò ní pẹ́ tí yóò fi sanra jù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rá ju oríṣi kan lọ. Ọ̀rá inú ẹ̀pà, kájú àti àsálà pọ̀ jù lọ nínú oríṣi tí kì í dì. Bí irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ bá gba ipò ọ̀rá ẹran tàbí bọ́tà nínú oúnjẹ wa, ọ̀rá búburú inú ẹ̀jẹ̀ máa ń dínkù. Àgbọn kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ọ̀rá tirẹ̀ jẹ́ oríṣi tó máa ń dì nígbà òtútù.

KÍ NI ÀWỌN ONÍMỌ̀ RÍ?

Ní ọdún 1980, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn ènìyàn ní ẹ̀pà lọ́nà mẹ́ta: odindi ẹ̀pà, ẹ̀pà lílọ̀, àti òróró ẹ̀pà. Wọ́n wá wọn ọ̀rá tó bá ìgbẹ́ wọn jáde. Nígbà tí wọ́n jẹ odindi ẹ̀pà, bíi ìdá 18 nínú ìdá 100 ọ̀rá tí wọ́n jẹ ni ó jáde láìwọ ara. Ti ẹ̀pà lílọ̀ jẹ́ 7, ti òróró kò sì tó 5. Ìdí rẹ̀ ni pé inú yàrá tíntìntín tí ògiri rẹ̀ le ni ọ̀rá ẹ̀pà wà. Eyín wa kì í fọ́ gbogbo ògiri náà tán, ikùn kò sì lè dà á tán. Bí ọlọ bá ti lọ̀ ọ́ kúnná, ògiri wó nìyẹn. Ní ọdún 2019, irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ lórí kájú fi hàn pé gíráàmù 28 tí a ń kà sí kálórì 163, bíi 137 péré ni ara ń rí gbà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2011, ìwádìí mìíràn jáde lórí 120,877 àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé oúnjẹ àti ìwọ̀n ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn tó fi kún ànàmọ́ díndín àti mínírà onísúgà tí wọ́n ń jẹ tí wọ́n ń mu ni ara wọn ń wúwo sí i. Àwọn tó fi kún irú ẹ̀pà àti kájú kò rí bẹ́ẹ̀. Ara tiwọn kò wúwo sí i tó ti àwọn yòókù. Òótọ́ ni pé ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà lè jẹ́ ẹni tó ń rìn dáadáa tí kì í sì í mu sìgá. Àwọn onímọ̀ gbìyànjú láti yọ èyí kúrò nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n irú ìwádìí báyìí nìkan kò tó láti fi dájọ́.

Nítorí náà ni ti ilẹ̀ Spéènì fi ṣe pàtàkì. Níbẹ̀, wọ́n pín àwọn ènìyàn tó lé ní 7,000, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 55 àti 80, sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n fún ọ̀wọ́ kan ní gíráàmù 30 àsálà òyìnbó àti àwọn èso olóròóró bíi tirẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n fún ọ̀wọ́ kejì ní òróró ólífì. Wọ́n ní kí ọ̀wọ́ kẹta dín ọ̀rá kù. Èsì rẹ̀ jáde ní 2013. Lẹ́yìn náà wọ́n rí àṣìṣe nínú bí wọ́n ṣe pín àwọn kan. Wọ́n fa ìwé náà sẹ́yìn, wọ́n tún ìṣirò ṣe, wọ́n sì tún un tẹ̀ jáde ní 2018. Èsì náà kò yí padà púpọ̀: àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ dínkù ní nǹkan bíi ìdá 30 nínú ìdá 100 lára ọ̀wọ́ méjì àkọ́kọ́. Kò sì sí ẹni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n dín oúnjẹ kù, síbẹ̀ àwọn tó ń jẹ àsálà lójoojúmọ́ kò torí rẹ̀ sanra.

Ní ti àtọ̀gbẹ, ẹ̀pà nìkan kì í gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bí oògùn. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ torí ẹ̀pà dá oògùn rẹ̀ dúró.

IBI TÍ Ẹ̀PÀ TI Ń DI ẸRÙ

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò bí akápò. Ọkùnrin kan dé láti oko. Ó po gàrí gíráàmù 100, ó jẹ́ kálórì 350. Ó fi ṣúgà gíráàmù 20 sí i, ó jẹ́ 80. Ó da ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta lé e, bíi gíráàmù 90, ó jẹ́ 510. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 940, oúnjẹ alẹ́ kò sì tíì dé! Ní ọjọ́ kejì, ó po gàrí gíráàmù 60 láìsí ṣúgà, ó sì fi ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan jẹ ẹ́. Gàrí jẹ́ 210, ẹ̀pà jẹ́ 170, àpapọ̀ jẹ́ 380. Ẹ̀pà wà nínú méjèèjì. Kì í ṣe ẹ̀pà ni ó fa ìyàtọ̀, bí kò ṣe ìwọ̀n rẹ̀ àti ohun tó bá a rìn.

Kókó ẹ̀kọ́ wa nìyí: ẹ̀pà tó gba ipò nǹkan mìíràn ṣàǹfààní, ẹ̀pà tí a kàn dà lé gbogbo ohun tí a ti ń jẹ tẹ́lẹ̀ yóò di ẹrù sí ara. Ẹ̀kúnwọ́ kan, bíi gíráàmù 30, tó fún àgbà lóòjọ́.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ẹ̀pà tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àti ṣúgà bò tí wọ́n sì dín. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí iyọ̀ pọ̀ lára rẹ̀, pàápàá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Ẹ̀pà sísè nínú èèpo rẹ̀ àti ẹ̀pà yíyan tí kò ní iyọ̀ púpọ̀ ni ó dára jù. Èyí tó wà nínú èèpo tún ní àǹfààní kan: ọwọ́ tó ń bó o kì í yára bí ọwọ́ tó ń dà á sẹ́nu láti inú ìgò.

Ẹ̀PÀ TÓ TI BU

Ọ̀rọ̀ yìí kan ara, ó sì kan ọjà. Ní ọdún 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé oúnjẹ ẹ̀pà tí wọ́n fi bọ́ wọn ti bu, olú tíntìntín tó hù sí i sì ti tú májèlé sínú rẹ̀. Áfúlátọ́síìnì ni orúkọ májèlé náà. Ó máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Iná tí a fi ń yan ẹ̀pà kò lè pa á tán.

Nítorí náà, kí àgbẹ̀ sá ẹ̀pà gbẹ dáadáa kí ó tó kó o pamọ́, kí ó má sì gbé àpò rẹ̀ lé ilẹ̀ tútù. Kí a ṣa èyí tó bu, èyí tó hunjọ, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà, kí a dà wọ́n nù. Bí ẹ̀pà bá korò lẹ́nu, ẹ tu ú. Kì í ṣe gbogbo májèlé yìí ni ojú ń rí, nítorí náà gbígbẹ dáadáa ni ààbò àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe lọ èyí tí ẹ ṣà dànù mọ́ kúlíkúlí, ẹ má sì fi bọ́ adìẹ. Ẹni tó ń ta á fún aládùúgbò, ẹgbẹ́ ara rẹ̀ ló ń pa lára.

ÀWỌN TÓ GBỌ́DỌ̀ ṢỌ́RA

Ara àwọn kan kò gba ẹ̀pà rárá. Bí ẹnu tàbí ojú ẹnìkan bá wú, tí ara rẹ̀ ń yún tàbí tí èémí rẹ̀ ń há lẹ́yìn tó jẹ ẹ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá, kí ó má sì jẹ ẹ́ mọ́. Ẹ má ṣe fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní odindi ẹ̀pà, nítorí ó lè há a ní ọ̀nà ọ̀fun. Ẹ lọ̀ ọ́ fún un. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ọwọ́ lásán bó kájú tútù, nítorí oje èèpo rẹ̀ ń jó ara.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Ìgò mínírà olómi 50 sẹ̀ntílítà, bí gíráàmù 10 ṣúgà bá wà nínú sẹ̀ntílítà 10 kọ̀ọ̀kan, ṣúgà inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 50, kálórì rẹ̀ sì jẹ́ 200. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò náà kí ẹ rí i. Kò ní pa ebi ẹni tó mu ún, bẹ́ẹ̀ ni kò ní amáradàgbà kankan. Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan kò tó bẹ́ẹ̀ ní kálórì, ó sì ń di ikùn mú. Ǹjẹ́ kò yẹ kí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ fi ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan àti omi rọ́pò mínírà àti bísíkíìtì nípàdé? Kí akápò ṣírò iye owó méjèèjì, kí ó sì wá jábọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ní àgbẹ̀ nínú lè ra ẹ̀pà pọ̀ ní àkókò ìkórè, kí wọ́n jọ ṣà á, kí wọ́n sì tà á fún ọmọ ẹgbẹ́ ní iye tó rọrùn.

Àwọn baba wa fẹ́ràn kí ara ẹni dá. Bí wọ́n bá rí ẹni tó sanra, wọ́n á ní owó ń wọlé fún un. Ṣùgbọ́n sísanra àsanjù ti ń kó owó jáde lápò ọ̀pọ̀ nínú wa báyìí, sí oògùn àti sí ọsibítù. Alájẹṣẹ́kù ni wá. Orúkọ wa ti kọ́ wa bí a ṣe ń jẹ ẹ̀pà: kí a jẹ, kí ó sì ṣẹ́kù sínú ìgò.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀pà tó gba ipò nǹkan mìíràn àti ẹ̀pà tí a dà lé oúnjẹ?
2. Kí ni ìdí tí ara kì í fi rí gbogbo ọ̀rá odindi ẹ̀pà gbà?
3. Báwo ni a ṣe ń kó ẹ̀pà pamọ́ ní àdúgbò wa? Kí ni a gbọ́dọ̀ tún ṣe?
4. Èló ni ẹgbẹ́ wa ná lórí mínírà àti bísíkíìtì ní ọdún tó kọjá? Kí ni a lè fi rọ́pò wọn?