Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ WÍWÁ ILÉ TÍ Ó NÍ ÀÀBÒ FÚN ÌJÌ

 

Bí àwa tí a ti ilé wá sí Warri bá ń wá ibùgbé, iye owó ni à ń kọ́kọ́ bèèrè, lẹ́yìn náà omi, lẹ́yìn náà bí ó ṣe jìnnà sí ọjà àti mọ́ṣáláṣí tó. Ìbéèrè tó dára ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí a sábà máa ń gbàgbé títí òjò yóò fi dé: ìhà wo ni ìjì ń gbà kọ lu ilé yìí, kí ni ó sì di òrùlé rẹ̀ mú? Ẹni tí ìjì bá ká páànù kúrò lórí òun àti ọmọ rẹ̀ lóru mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé náà dáadáa kí a tó sanwó rẹ̀.

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN WA KỌ́ WA

Nínú Súrà Nahl, ẹsẹ 80 àti 81, Ọlọ́hun ka ilé mọ́ àwọn ìdẹ̀ra tí Ó ṣe fún wa, pé Òun ni Ó sọ ọ́ di ibi ìsinmi. Ó tún mẹ́nu ba òjìji àti ibi ààbò tí Ó dá sínú àwọn òkè. Nítorí náà, ẹni tó ń wá ààbò kò ṣàìgbàgbọ́. Ó wà nínú àkójọ Hadísì Tirmidhi pé ọkùnrin kan bi Ànábì bóyá kí òun so ràkúnmí òun, tàbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun. Ànábì ní kí ó so ó, kí ó sì gbára lé Ọlọ́hun. Òrùlé wa ni ràkúnmí tiwa.

Ẹ má gbàgbé ìran Ádì náà. Wọ́n kọ́lé sórí òkè bí ẹni tí kò ní kú láéláé. Súrà Hákà sọ pé afẹ́fẹ́ líle jà wọ́n fún òru méje àti ọ̀sán mẹ́jọ, ó sì pa wọ́n run. Afẹ́fẹ́ ni Ọlọ́hun tún fi ran àwọn Mùsùlùmí lọ́wọ́ ní Mẹ̀dínà ní ọdún 627, nígbà Ogun Kòtò. Ẹ̀dá Ọlọ́hun ni, ohun tí a bá rán an ni ó ń jẹ́. Ìdí nìyí tí Ànábì fi kọ̀ fún wa láti bú u, tí ó sì ní kí a tọrọ oore rẹ̀, kí a sì wá ìṣọ́ra kúrò níbi aburú rẹ̀.

IBI TÍ ÌJÌ TI Ń WÁ

Mùsùlùmí kò nílò kọ́ḿpáàsì láti mọ èyí ní Warri. Bí a bá dúró láti kírun, ojú wa wà láàárín ìlà-oòrùn àti àríwá. Ìhà gábàsì yìí ni ọ̀pọ̀ ìjì tó ń ṣáájú òjò ti ń yọ sí wa, pàápàá láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, àti nígbà tí òjò bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Ojú ọ̀run á ṣú níbẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù á rọ́ dé, òjò á tẹ̀lé e. Ibẹ̀ náà ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ẹ̀yìn wa ni afẹ́fẹ́ òkun ti ń wá nígbà òjò, òun ni ó ń ru òjò tó ń lé ní mílímítà 2,500 lọ́dún wá fún ìlú yìí. Nítorí náà, bí ẹ bá wọ yàrá tí ẹ fẹ́ gbà, ẹ kọjú sí gábàsì. Ògiri tí ẹ kọjú sí yẹn ni ìjì yóò kọ́kọ́ kọ lù.

OHUN TÍ A Ó WÒ KÍ A TÓ SANWÓ

Ìkíní, kí ni ó wà níwájú ògiri náà? Bí ó bá jẹ́ pápá, odò, tàbí ilẹ̀ tí wọ́n ti gé igi rẹ̀ tán, kò sí ohun tí yóò dín agbára ìjì kù. Ilé tó wà láàárín àwọn ilé tí wọ́n ga bákan náà sàn ju èyí tó dá dúró létí odò. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún àlàfo tóóró láàárín ilé gíga méjì, nítorí afẹ́fẹ́ máa ń sáré níbẹ̀.

Ìkejì ni igi. Igi ń dín ìjì kù ju ògiri lọ, nítorí ó ń jẹ́ kí díẹ̀ kọjá láàárín ewé rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilẹ̀ irà, gbòǹgbò kì í lọ jìnnà. Kí igi ńlá jìnnà sí ilé ju gíga rẹ̀ lọ.

Ìkẹta ni òrùlé. Afẹ́fẹ́ tó ń kọjá lórí páànù máa ń fà á sókè, èyí tó bá gba fèrèsé wọlé á sì máa tì í láti ìsàlẹ̀. Ẹ wò ó bóyá wọ́n fi irin so igi òrùlé mọ́ kọ́ńkéré orí ògiri, bóyá ìṣó ti dógùn-ún, bóyá etí òrùlé gùn jù. Òrùlé tó dà sí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń dúró ju èyí tó dà sí ìhà méjì.

Ìkẹrin, ẹ má sá fún ìjì kí ẹ kó sínú omi. Ilẹ̀ Warri tẹ́jú, ibi kòtò tó fara pamọ́ fún afẹ́fẹ́ lè jẹ́ ibi tí àgbàrá ń dúró sí. Ẹ wo àmì omi lára ògiri, kí ẹ sì bi àwọn ará àdúgbò léèrè.

Ìkarùn-ún, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ẹni tí yóò tún òrùlé ṣe bí ìjì bá ṣí i. Ọlọ́hun pa wá láṣẹ nínú Súrà Bákárà láti máa kọ gbèsè sílẹ̀, kí ìjà má bàa dé. Ó yẹ kí a lo ọgbọ́n yẹn níbí náà.

NÍ ALẸ́ ÌJÌ

Ẹ ti fèrèsé ìhà gábàsì kí ìjì tó dé. Ẹ má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ tàbí iná èédú sínú ilé tí a ti pa, nítorí èéfín rẹ̀ ń pani láìjẹ́ kí ènìyàn mọ̀. Ní ti ìrun, Ibn Umar gbà á wá pé ní òru òtútù àti òjò, Ànábì máa ń ní kí ládàánì kéde pé kí oníkálùkù kírun nílé rẹ̀. Ẹ̀sìn wa kò fẹ́ kí arúgbó tàbí ọmọdé fara gbọgbẹ́ lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí àwa tí a ti pẹ́ níbí máa tẹ̀lé àlejò tuntun lọ wo ilé, kí káfíńtà inú wa sì yẹ òrùlé àwọn opó wò kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n títí a ó fi padà sílé, kí Ọlọ́hun jẹ́ kí òrùlé dúró lórí wa, kí Ó sì fi ìjì ṣe oore fún wa. Àmín.