OJÚ ÀPÁ KÌ Í JỌ OJÚ ARA

AKỌ́SÓRÍ: Orin Dáfídì 139:14. Ṣí i, kí o kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
BÍBÉLÌ KÍKÀ: Jòhánù 20:19-29

Nígbà tí Jésù jí dìde, ilẹ̀kùn tí a tì kò lè dá a dúró mọ́. Síbẹ̀, àpá ìṣó wà ní ọwọ́ Rẹ̀, àpá ọ̀kọ̀ sì wà ní ìhà Rẹ̀. Agbára tí ó jí I dìde lè pa àpá wọ̀nyí rẹ́, ṣùgbọ́n kò pa wọ́n rẹ́. Àpá náà gan-an ni Ó fi han Tómásì.

Arábìnrin kan nínú ìjọ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde ní jẹjẹrẹ ọyàn. Wọ́n gé ọyàn kan kúrò, oògùn mú kí irun orí rẹ̀ re, ara rẹ̀ sì yá. A jó, a yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ojúde Ọba kù díẹ̀, tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀ mú aṣọ, ó ní òun kò ní rán an. Ó sọ fún mi pé, "Pásítọ̀, bùbá kò jókòó lára mi mọ́. Ẹ ní Ọlọ́run ti wò mí sàn. Kí ló dé tí mi ò lè wo dígí?" N kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. A ti bá a dúpẹ́, a kò bá a sunkún.

Olùfẹ́, àwọn àgbà ní ojú àpá kì í jọ ojú ara. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé ìtìjú ni ojú àpá. Ohun tí àpá ń sọ ni pé ọgbẹ́ wà níbí, ó sì ti jinná.

Ìrànlọ́wọ́ wà. Irun sábà máa ń hù padà lẹ́yìn tí oògùn bá parí. Ọyàn àtọwọ́dá wà tí a ń fi sínú kọ́mú. Iṣẹ́ abẹ àtúnṣe náà wà: dókítà lè fi ẹran ara tí ó mú láti ikùn tàbí ẹ̀yìn aláìsàn tún ọyàn ṣe, tàbí kí ó fi àpò sílíkónì sí i. A lè ṣe é lọ́jọ́ tí a gé ọyàn, a sì lè ṣe é lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Kì í ṣe gbogbo ara ni ó bá mu, owó rẹ̀ kò sì kéré. Béèrè lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ àtúnṣe ní UCH Ìbàdàn tàbí LUTH Èkó.

Ẹni tí ó ṣe é kò ṣe àìnígbàgbọ́. Ìwọ náà ń lo awò ojú. Ẹni tí kò ṣe é kò dín kù ní obìnrin. Ìyáàfin Betty Anyanwu-Akeredolu, tí wọ́n rí jẹjẹrẹ ọyàn lára rẹ̀ ní 1997, kò fara pamọ́. Ọdún náà ni ó dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ láti ran àwọn mìíràn lọ́wọ́.

Ìwọ tí o rí kókó nínú ọyàn rẹ tí o ń fi pamọ́ nítorí pé o kò fẹ́ kí wọ́n gé e, ẹ̀mí rẹ ṣọ̀wọ́n ju ọyàn lọ. Gbàdúrà, kí o sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin ọkọ, dígí àkọ́kọ́ tí ìyàwó yín yóò wò ni ojú yín. Ẹ má gbé ojú kúrò.

Ọkọ arábìnrin yẹn ni ó mú un lọ sọ́dọ̀ télọ̀ lọ́dún tí ó tẹ̀lé e. Kò tíì ṣe iṣẹ́ abẹ àtúnṣe. Ṣùgbọ́n ó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde, bùbá rẹ̀ sì jókòó.

KÓKÓ Ọ̀RỌ̀: Àpá kì í ṣe àmì pé Ọlọ́run kọ̀ ọ́. Àmì pé o yè ni.

ÌGBÉSẸ̀ TÒNÍ: Bẹ ẹnìkan tí ó ṣe iṣẹ́ abẹ wò. Má wàásù fún un. Jókòó tì í, kí o gbọ́ tirẹ̀.

ÀDÚRÀ
1. Baba, mo dúpẹ́ fún ẹ̀mí tí O dá sí.
2. Olúwa, mú ìtìjú kúrò lọ́kàn gbogbo ẹni tí àìsàn fi àpá sí lára.
3. Baba, tọ́ ọwọ́ àwọn dókítà, kí O sì pèsè owó ìtọ́jú, ní orúkọ Jésù. Àmín.