Ìfẹ́ Tí Ó Ní Àyè

Tọkọtaya ni ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yìí wà fún. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé bí ọkọ àti aya bá fẹ́ràn ara wọn, wọn kò gbọdọ̀ wà lọ́tọ̀ nígbà kan. Àwọn baba wa kò rò bẹ́ẹ̀. Nínú agbo ilé, ìyàwó a máa ní yàrá tirẹ̀. A máa ṣe òwò tirẹ̀, owó ọjà rẹ̀ a sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ahọ́n àti eyín kò lè ṣe kí wọ́n má jà, ṣùgbọ́n bí ìjà bá dé, yóò bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, inú a ti rọ̀.

Ní Sábọ̀n Gàrí Kánò níhìn-ín, yàrá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ wa rí háyà. Níbẹ̀ ni a ń sùn, níbẹ̀ ni ẹrù ọjà àti ìwé ọ́fíìsì wà. Ọkọ ti ibi iṣẹ́ dé, ó fẹ́ dákẹ́ díẹ̀. Ìyàwó ti ọjà dé, ó ti di ọ̀rọ̀ sínú fún un láti àárọ̀. Ọkọ dákẹ́, ìyàwó ní ó ti ní òmíràn. Ìyàwó yà kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọkọ ní kí ó mú fóònù wá. Àwa tí a ń kọ èyí náà ti yẹ fóònù wò rí. Ọ̀rọ̀ àìsàn ìyá rẹ̀ ni a bá níbẹ̀, èyí tí kò tíì fẹ́ fi dà wá láàmú. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi bá wa sọ̀rọ̀, kò sì jẹ̀bi.

Ẹ wo Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti Àsánò aya rẹ̀, tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní Sàró ní 1829. Ní 1841 ọkọ bá ọkọ̀ lọ sí Odò Ọya. Ní 1857 ó tún lọ. Ọkọ̀ wọn, Dayspring, fọ́ nítòsí Jẹ́bà, èyí tí gbogbo wa mọ̀ lójú ọ̀nà ilé, kò sì tètè padà. Ilé wọn kò tú.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi èyí bojú. Oníṣòwò tí ó lọ ra ọjà ní Èkó, tí aya rẹ̀ kò gbúròó rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kì í ṣe àyè ni ó ń wá. Ẹni tí ó fẹ́ àyè a máa sọ ibi tí òun ń lọ àti ìgbà tí òun yóò dé.

Ní ìpàdé wa, àwọn ìyá ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: wákàtí wo lóòjọ́ ni ó jẹ́ tiyín, tí ẹnikẹ́ni kì í pè yín?